Ohun Tó Wọ Kànga Láìkágò

Kí ẹni tó ń ka èyí má ṣe rò pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ lọ òun. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ni, mo sì ti fi í sílẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ ní òun ò ṣe mọ́, èmi kàn tẹ̀ lé e ni. Tí mo bá ń dìde lórí àga báyìí, gbogbo ilé ló ń gbọ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ìwé ní Àkúrẹ́ níbí máa ń wá jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Bàbá, irú iṣẹ́ wo ni ká ṣe?" Èsì mi kan náà ni: n ò mọ èyí tí ẹ máa ṣe, èyí tí mo ṣe ni mo mọ̀.

Ọmọ ọmọ mi Ìbùkún ló jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sí fàráńdà, ó ń kàwé sókè, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀: intrusion. Mo ní, "Kí ni ọ̀rọ̀ yẹn ń wá nínú kọ̀ǹpútà?" Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá àgbà, ẹ mọ̀ ọ́n ni?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n, inú kànga la ti pàdé. Ó ṣàlàyé fún mi pé nínú ẹ̀kọ́ tiwọn, tí olè bá ti ibi tó jìnnà yọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà olóhun, ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Mo ní ó dáa, èyí náà ti kún àwọn tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n ka àwọn yòókù fún òun, ó sì mú bírò. Mo ní kó jọ̀wọ́ bírò, kó fetí sílẹ̀, torí a kì í fi bírò gbọ́ ìtàn.

Oǹdó ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, bàbá mi ń dáko lọ́nà Ilu-Abo, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí lóko. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé Oǹdó ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Akíndélé, agbẹ́kànga. Bí wọ́n ṣe gbà mí ò gùn. Bàbá mi gbé iṣu àti àkùkọ lọ, wọ́n gbàdúrà, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò wẹ̀yìn, mo sì mọ ìdí tí kò fi wẹ̀yìn.

Ọ̀gá kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ilé yẹn. Ọmọkùnrin méjì ló bí. Ṣọlá ni àgbà, ẹgbẹ́ mi ni, orí ẹní kan náà la jọ ń sùn. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Wálé ṣì wà nígbà tí mo dé. Tí mo bá sọ pé mò ń lọ sí "ulé", bí a ṣe ń pe ilé ní Àkúrẹ́, Ṣọlá á pariwo pé, "Màmá, ẹ gbọ́ o, Fẹ́mi ń lọ sí ulé." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín títí Màmá fi máa fi abẹ̀bẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀ èdè Oǹdó tiwọn náà, ẹni tí wọn ò bí síbẹ̀ ní láti fara balẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. Èmi ò fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń jẹun nílé onílé, ó ń pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ ni.

Òfin àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá fi kọ́ mi ò ní dígà nínú, kò ní ṣọ́bìrì nínú. Àgò ni. O kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni láìkágò, ì báà jẹ́ pé àwọn ló ránṣẹ́ pè ọ́. Lọ́jọ́ kan à ń lọ sílé ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà iwájú jìn, mo sì ru òòlù àti okùn, mo bá gba àárín ewéko wọ ẹ̀yìnkùlé. Mo ti sọ ẹrù kalẹ̀ kí Ọ̀gá tó dé. Ó dúró lójú títì, ó ní kí n gbé gbogbo ẹrù náà padà wá síta. Ìyá àgbà yọjú, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀, ó kúkú ti wọlé." Ọ̀gá ní, "Kò tíì wọlé, Mà. Ó kàn wà nínú ilé ni." Mo ru ẹrù padà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Onílé, àgò o." Ìyá àgbà ní, "Àgò yà." Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá tó jẹ́ kí n sọ ẹrù kalẹ̀.

Nígbà tí a ń lọ sílé ló ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀yìn ilé ni agbẹ́kànga ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ń wẹ̀, ibi tí wọ́n ń sá aṣọ abẹ́, ibi tí tọkọtaya ti ń bára wọn jà. Ó ní, "Tí o bá wọbẹ̀ bí olè, gbogbo ohun tí o bá rí níbẹ̀, olè lo fi rí i." Àtìgbà yẹn, n ò sọ ohun tí mo rí lẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni rí, ẹ má sì bi mí, torí mo rí nǹkan.

Òfin kejì ni ti àtùpà. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀, Ọ̀gá á so àtùpà mọ́ okùn, á tàn án, á rọra sọ ọ́ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, á sì dúró. Tó bá ń jó geerege, a lè wọlé. Tó bá ń ṣẹ́jú, a kì í wọlé. Tó bá kú, a ó gé ẹ̀ka igi tó ní ewé dáadáa, a ó so ó mọ́ okùn, a ó máa jù ú sókè sódò nínú kànga láti fi ro afẹ́fẹ́ tó ti kú síbẹ̀, kí a tó tún dán àtùpà wò. Ó ní ilẹ̀ náà ní onílé, àtùpà sì ni àgò tí à ń ké sí i. Tí iná bá jó, onílẹ̀ ti dáhùn. Ṣọlá fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan kí iná tó débẹ̀, torí ó ń yára kí òjò má bàa ká wa mọ́. Ọ̀gá gbá a létí lójú àwọn oníṣẹ́ gbogbo. Ọmọ rẹ̀ ni o. Kò sì bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Màmá bu ẹran kún oúnjẹ Ṣọlá, ó ní, "Bàbá rẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun."

Ìyókù òfin rẹ̀ ò pọ̀. Ẹni tó wà lókè ò gbọdọ̀ yọjú wo inú kànga láìnídìí, kí òkúta má bàa já lé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lórí. Ẹni tó di okùn mú sì gbọ́dọ̀ máa bá ẹni ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ìsọkúsọ, kó ṣáà máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀gá darúgbó, orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, a sin ín tayọ̀tayọ̀. Kànga tó gbẹ́ ní Oǹdó ò ṣeé kà, kò sì sí èyí tó pa ènìyàn nínú wọn. Ó fi ìyẹn yangàn díẹ̀ kó tó lọ, ó sì lẹ́tọ̀ọ́.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni èmi àti Ṣọlá wá ṣí lọ sí Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́, Òkìtìpupa, gbogbo wọn ń kọ́lé, omi ẹ̀rọ ò sì dé ibi tí wọ́n ń kọ́lé sí. Nígbà tí Wálé dàgbà, òun náà wá bá wa. Màmá ní òun ò ní kúrò ní Oǹdó, pé ta ló máa máa jà pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò tóun bá lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn onílé tó gbé iṣẹ́ fún wa ni ọkùnrin ará Ìkàrẹ́ kan, ẹnjiníà ni nílé iṣẹ́ ìjọba. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. A gbẹ́ kànga rẹ̀ dé ibì kan, a bá òkúta dúdú kan tó là gbọ̀ọ̀rọ̀ kọjá láàárín òkúta funfun. Òkúta funfun ń gbọ́ òòlù, dúdú yìí ò gbọ́. A tẹ ṣísù bọ̀ ọ́ títí ẹnu ṣísù fi ká kò. Ẹnjiníà wá, ó mú èérún rẹ̀ lọ́wọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Intrusion nìyí." Ṣọlá ní kó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, òkúta gbígbóná tó ti yọ́ bí adín ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wá, ó ta lu òkúta tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fipá wọ àárín rẹ̀, ó wá dì síbẹ̀.

Ṣọlá ní, "Ta ló pè é?"

Ẹnjiníà ní kò sẹ́ni tó pè é.

"Ó wá fìdí kalẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti fìdí kalẹ̀ kí ìran wa tó dé, Ọ̀gá Ṣọlá. Ẹ jẹ́ ká ṣí fún un."

Ó fi ibòmíràn hàn wá lẹ́bàá ògiri, a gbẹ́ ibẹ̀, a sì kan omi. Mo rántí pé omi yẹn dùn gan-an. Ṣùgbọ́n Ṣọlá ò fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ mọ́. Tí ẹ̀fọn bá kùn létí rẹ̀, intrusion ni. Tí aládùúgbò wa tó mọ àkókò oúnjẹ ju aago lọ bá yọ lókèèrè, Ṣọlá á rọra sọ sí mi létí pé, "Òkúta dúdú ti ń bọ̀ o." Ìyàwó mi máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á wá tún bu oúnjẹ fún ọkùnrin náà.

Ibi kejì tí mo ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni. Kànga onílé kan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, inú àwọn ọmọ ilé ń run wọ́n. A pe Ẹnjiníà, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó tọ́ka sí ṣáláńgá aládùúgbò tó wà lórí òkè díẹ̀. Omi ibẹ̀ ló ń gba abẹ́ ilẹ̀ jò wọ inú kànga. Ó tún pe orúkọ kan náà. Ó ní níhà òkun lọ́hùn-ún, omi iyọ̀ ló ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ kànga àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, títí wọn ò fi ní lè mu ún. Ibi kẹta, Ìjù lẹ́bàá Àkúrẹ́ ni. Ọkùnrin kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun ni ilẹ̀, a gbẹ́ kànga fún un, a kan omi, àfi bí onílẹ̀ gan-an ṣe yọ pẹ̀lú lọ́yà. Lọ́yà náà wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn, ó nàka sí wa, ó ní ohun tí a ṣe, intrusion ni. Ṣọlá yọ fìlà, ó kí i dáadáa, ó ní, "Lọ́yà, ẹ má bínú, a kágò. Ẹni tó dá wa lóhùn ni kò nílé." Onílẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìjà sì tutù. Wọ́n lé ọkùnrin òpùrọ́ náà lọ, wọ́n ń pọn omi kànga náà di òní.

Irú ẹni tí Ṣọlá jẹ́ nìyẹn. Mo ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n díẹ̀ kí n tó débẹ̀ ni.

Irinṣẹ́ wa ń yí padà ní gbogbo àsìkò yẹn. Dígà àti agbọ̀n la fi bẹ̀rẹ̀. Garawa gba ipò agbọ̀n, òrùka kọnkéré gba ipò bíríkì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń gún òkúta dé, tó máa ń mi ọmọ ènìyàn títí eyín á fi máa dun ni. Wálé fẹ́ràn ẹ̀rọ. Èmi ò kórìíra wọn, mo kàn máa ń wò wọ́n lójú kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ìgbà tó yá ni póm̀pù elépo dé, èyí tó ń fa omi. Ó dùn mọ́ wa nínú ju gbogbo wọn lọ, torí ohun tó ń pa agbẹ́kànga lágara nígbà òjò ni omi tó ń sun jáde kó tó gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi tó fẹ́ dé.

Ìgbà òjò náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nílé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní Àkúrẹ́ níbí. Mo lọ kó òrùka kọnkéré, mo fi Ṣọlá àti Wálé sílẹ̀ síbẹ̀. Omi ti kún ìsàlẹ̀ kànga. Wọ́n yá póm̀pù elépo, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ ò gùn tó, wọ́n bá so póm̀pù náà fúnra rẹ̀ mọ́ okùn, wọ́n sọ ọ́ sínú kànga, wọ́n gbé e ka orí pákó tí wọ́n fi dábùú àárín kànga. Ọ̀pọ̀ agbẹ́kànga ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa omi náà tán. Wọ́n pa á, wọ́n fà á jáde. Kí Ṣọlá tó wọlé, ó ṣe bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ wa. Ó tan àtùpà, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó dúró wò ó. Ó ń jó geerege. Ó wá sọ̀ kalẹ̀.

Wálé ló di okùn mú. Ó ń bá a sọ̀rọ̀, Ṣọlá ń dáhùn. Ó yá, ó ń dáhùn bí ẹni tó ń tòògbé. Wálé pè é, kò dáhùn mọ́. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ tó gbé òrùka wá já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo bá Wálé tó ti so okùn mọ́ ìbàdí, ó fẹ́ wọlé.

Mo wo inú kànga. Mo rí Ṣọlá. Ó fẹ̀yìn ti ògiri kànga, orí rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn ò sí lára rẹ̀ tí à bá fi fà á, ó ti tú u kó lè ráyè ṣiṣẹ́. Àtùpà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tàn sí i lójú.

Wálé ní, "Àtùpà ń jó. Ẹ jẹ́ n lọ gbé e."

Àwọn ará àdúgbò ti pé. Tíṣà náà ní àtùpà ń jó. Gbogbo ènìyàn ló mọ òfin àtùpà, kì í ṣe àwa nìkan. Èmi náà mọ̀ ọ́n, èmi tí wọ́n fi gbogbo ìgbà èwe mi kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣọlá lágbára jù mí lọ. Kò já bọ́, òkúta ò lù ú. Nǹkan kan ló mú un níbẹ̀, nǹkan náà ò sì fọwọ́ kan iná. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó mú Ṣọlá ò tíì jáde. N ò mọ̀ ọ́n, n ò mọ orúkọ rẹ̀, mo kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo gbá Wálé mú. Ó lágbára, ọmọ ọ̀dọ́ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi àti bíríkìlà kan la jọ gbé e dé ìdí igi ọsàn, mo fi okùn kànga dè é mọ́ ọn ní apá méjèèjì. Mo dè é le. Mo ránṣẹ́ sí àwọn panápaná, mo gé ẹ̀ka igi, mo so ó, mo ń jù ú sókè sódò nínú kànga, mo ń ṣe é mo ń pe Ṣọlá. Wálé ń já okùn, ó ń ṣépè fún mi, ó ní mo pa ẹ̀gbọ́n òun. Àwọn tó dúró náà ń bú mi. Obìnrin kan bi mí pé ṣé nítorí pé n kì í ṣe ọmọ ìyá wọn ni. Mo gbọ́ ọ. Mo ń ju ẹ̀ka igi lọ.

Àwọn panápaná dé pẹ̀lú ìbòjú tí wọ́n fi ń mí. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀, ó gbé Ṣọlá jáde. Ó ti kú. Ọ̀gá wọn wo okùn tó wà lára Wálé, ó wo èmi, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ẹnjiníà ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní èéfín ẹ̀rọ elépo ní afẹ́fẹ́ kan tí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, tí á sì gba ipò èémí níbẹ̀. Ó ní iná lè máa jó nínú rẹ̀, ènìyàn á kú. Ó dárúkọ rẹ̀ fún mi. Mo ti gbàgbé orúkọ náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí Ṣọlá ì bá pè é.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí nípa iṣẹ́, ohun tí mo lè sọ fún yín nìyí. Òfin Ọ̀gá dára. Òun ló pa wá mọ́ láàyè fún gbogbo ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí kò sí ẹ̀rọ elépo nínú kànga ni wọ́n ṣe é. Tí irinṣẹ́ tuntun bá wọ iṣẹ́ yín, ẹ bi í léèrè ohun tó tún mú dání, torí kò ní sọ fún yín. Mo ṣì gbẹ́ kànga lẹ́yìn ìyẹn títí àwọn ọkọ̀ bóhóòlù fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa, n ò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń mu epo sún mọ́ ẹnu kànga mi mọ́.

Ó ku Oǹdó.

Wálé ti bá òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí Màmá débẹ̀, torí òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo wọṣọ, mo fẹ́ máa lọ. Ẹnjiníà wà nílé mi, ó wá kí mi. Ó ní, "Ọ̀gá Fẹ́mi, ẹ ò rò pé kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná? Wálé ti sọ tiẹ̀ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá lọ báyìí, ó máa dà bí intrusion." Inú rere ló fi sọ ọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ibi tó ti kàwé, pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n á yẹra fún un kó lè ráyè. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí kò yọjú ni wọ́n ń bi léèrè. Ṣùgbọ́n n ò tíì kúrò lójú kan bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ilé tó tọ́ mi dàgbà ni. Ọmọ ilé náà ni mo dè mọ́lẹ̀, èkejì rẹ̀ sì kú lójú mi. Tí Màmá bá ní n ò gbọdọ̀ wọ ilé òun mọ́, kò síbi tí mo tún fẹ́ máa pè ní Oǹdó. Ìyàwó mi ló ṣí ìlẹ̀kùn fún mi. Ó ní, "Lọ. Tí wọ́n bá máa lé ọ, wọ́n á kọ́kọ́ rí ọ ná."

Mo dé ibẹ̀, mo kágò. Àwọn ọkùnrin tó jókòó níta gbọ́, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún un ké, wọn ò dáhùn. Wálé jáde, ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi ara dí i. Okùn ti bó o lápá méjèèjì, ojú rẹ̀ ti wú.

Ó ní, "Kí lo wá ṣe?"

Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, "ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí, kò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo ní mo wá rí Màmá. Ó ní Màmá ò fẹ́ rí mi. Mo dúró síbẹ̀. N ò bínú sí i, n ò sì lè padà.

Ohùn Màmá jáde láti inú ilé. Ó ní ta ni. Mo ní, "Fẹ́mi ni, Mà." Ó wá ní, "Wálé, kúrò lọ́nà."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, lórí ẹní, àwọn obìnrin yí i ká. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò ní kí n dìde. Ó ní, "Wọ́n ní àtùpà ń jó."

Mo ní, "Ó ń jó, Mà."

"O fojú ara rẹ rí i?"

"Mo rí i, Mà."

"O wá di Wálé mú."

"Mo dè é, Mà."

Mo ń wo ẹní tó jókòó lé, n ò lè wo ojú rẹ̀. Obìnrin yìí ló bá Ọ̀gá gbé gbogbo ọdún yẹn, òun ló máa ń nu gíláàsì àtùpà náà lálaalẹ́, kò sẹ́ni tó mọ òfin yẹn jù ú lọ.

Ó ní, "Bàbá wọn ì bá jẹ́ kó wọlé."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ọkọ mi ì bá jẹ́ kó wọlé, èmi náà ì bá ní kó máa lọ. Òkú méjèèjì ni wọn ì bá gbé wá bá mi." Ó ní kí n dìde, kí n wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, pé òun ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, kí n máa sọ bí ọmọ òun ṣe ṣe ní ọjọ́ náà, láti àárọ̀, kí n má fo ọ̀kankan. Ó wá ní kí wọ́n bá òun gbé òrí tó wà lórí fèrèsé wá.

Ó pe Wálé. Wálé ò fẹ́ wá, ó wá ṣá, ó kúnlẹ̀. Màmá gbá a lápá mú, ó wo ibi tí okùn ti bó o, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wò ó bóyá òótọ́ ni. Ó ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́?" Wálé ní ó ń dùn òun. Ó ní, "Kó máa dùn ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ, nǹkan kan ò dùn ún mọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa á, ó ń pa á, omi ń já bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ ọmọ náà, kò nù ún. Nígbà tó pa apá kan tán, Wálé na apá kejì sí i.